Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tíṣà fi ń bá èèyàn dàgbà?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 42 ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9, tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò pè mí síwájú bọ́ọ̀dù kí n wá ṣe fráksọ̀n kan, mi ò rí i ṣe. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì wò mí, wọ́n ní 'ẹ wo orí tí ìṣirò ò lè wọ̀ láéláé'. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ ṣe ìṣirò lójú èèyàn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ọ̀gá mi fẹ́ fi mí jẹ olórí ẹ̀ka wa báyìí, bọ́jẹ́ẹ̀tì wà nínú iṣẹ́ náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n kọ̀ ọ́. Tíṣà míì tún wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àwọn ló máa ń ka àròkọ mi sétí gbogbo kíláàsì, ọlá wọn ni mo fi ń kọ̀wé jẹun lónìí. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ èèyàn méjì fi lè pẹ́ tó báyìí lára ẹni? Ṣé èyí tí ò dáa yẹn ṣeé yọ kúrò? Ṣé kí n wá tíṣà àròkọ yẹn lọ, àbí ó ti pẹ́ jù?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà ẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni pé "wọ́n" lo pe àwọn tíṣà méjèèjì, èyí tó gbé ẹ ga àti èyí tó dójú tì ẹ́. Ọdún 33 ti lọ, ó ṣeé ṣe kó o ti dàgbà ju bí tíṣà yẹn ṣe dàgbà tó lọ́jọ́ náà lọ, síbẹ̀ ẹnu ẹ ò gbà á láti sọ pé "ó". Mi ò ní kó o yí i padà o, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni ẹ́. Àmọ́ fọkàn sí i, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í bá ẹni tó ń pè ní "wọ́n" jiyàn. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ ẹ ló sọ pé orí ẹ ò gba ìṣirò ni, wàá bi í pé tiẹ̀ ńkọ́, ẹ lè wọ̀yá ìjà, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ló ń sọ èyí tó tọ̀nà àtèyí tí ò tọ̀nà, ọwọ́ ẹ̀ ni báírò pupa wà, nígbà tó wá sọ̀rọ̀ nípa orí ẹ, ṣe lo gbà á bíi pé orí ẹ ló ń máàkì.

Ìtìjú náà tún kún un. Tójú bá ti èèyàn láàárín èrò, àyà á já, ara á tú kẹ́míkà bíi adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á sì mú kí apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala ran ìrántí lọ́wọ́ láti di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn mú gírígírí. Ìdí nìyẹn tó o fi gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́ ẹ lọ́dún yẹn àmọ́ tí fráksọ̀n yẹn ò lọ, bóyá o tiẹ̀ ṣì mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ ńlá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ọjọ́ àròkọ náà ṣì wà lọ́kàn ẹ.

Ṣùgbọ́n ìrántí lásán ò lágbára tó láti gbọn ọwọ́ èèyàn fún ọdún 33. Nǹkan kan ló ń bọ́ ọ, tó sì ń sanra, ibi tí mo fẹ́ kó o ti dúró kà dáadáa nìyí torí nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, èyí ló jẹ mí lógún jù.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìwọ wo ohun tó tẹ̀ lé e. O ò sọ ọ́ fún mi, àmọ́ mo ṣe tíṣà fún ọdún 19 kí n tó lọ kọ́ nípa ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, láti ìgbà náà mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn kí ojú tíṣà má bàa kàn án, á máa da iṣẹ́ àmúrelé kọ nínú ìwé ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó bá di àsìkò àtiyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì á sá fún gbogbo èyí tí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, tó bá wá dàgbà tán tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ pín owó tí wọ́n jọ ná, kíá á ti gbé fóònù fún ẹlòmíì pé ìwọ bá wa ṣe é. Gbogbo ìgbà tó bá sá báyìí lara á tù ú, ìtura yẹn ló sì ń kọ́ ọ pé sísá ló dáa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò, òun ò tíì ṣe ìdá mẹ́wàá ẹ̀, ó sì lè wá dà bíi pé àsọtẹ́lẹ̀ tíṣà ti ṣẹ. Kò ṣẹ o. Òun fúnra ẹ̀ ló ń bá tíṣà mú un ṣẹ lójoojúmọ́, láìmọ̀.

Wá wo apá kejì. Wọ́n ka àròkọ ẹ sókè, ó dáa, ìṣẹ́jú márùn-ún náà nìyẹn. Kí lo ṣe nígbà tó o délé? Mo fẹ́ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé o kọ òmíì ni, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, o sì ń kọ ọ́ bí ohun tí wọ́n lè kà sókè, ìyẹn ni pé o ti ń gbọ́ bó ṣe ń dún kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í yáwèé kà, o ń jí ọ̀rọ̀ tó dùn nínú ìwé àwọn èèyàn. Tíṣà yẹn ò fún ẹ lẹ́bùn ìwé kíkọ. Ó fún ẹ nídìí láti máa kọ ni, kíkọ tó ò dáwọ́ ẹ̀ dúró yẹn ló wá di iṣẹ́ ẹ. Ọ̀nà kan náà lọ̀rọ̀ méjèèjì gbà ṣiṣẹ́ lára ẹ, ọ̀kan ní kó o máa ṣe é, ìkejì ní kó o má ṣe é mọ́, o sì gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu.

Mi ò sọ èyí láti dá ẹ lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó sá fún ohun tó dùn ún ò ṣe ohun tó burú rárá. Mò ń sọ ọ́ torí ó dáhùn ìbéèrè ẹ kejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ ò ṣeé padà sọ, ṣùgbọ́n sísá yẹn, ìwọ lo ń ṣe é, ohun téèyàn bá sì ń ṣe lówùúrọ̀ òní ṣeé dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́la.

Ẹ̀rí wà pé bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí. Lọ́dún 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California. Wọ́n sọ fáwọn tíṣà pé ìdánwò kan fi hàn pé àwọn ọmọ kan, bí ẹnì kan nínú márùn-ún, máa yọrí gan-an nínú ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn. Irọ́ ni, ṣe ni wọ́n kàn ṣa orúkọ àwọn ọmọ náà bíi tẹ́tẹ́. Nígbà tọ́dún parí, àwọn ọmọ tí wọ́n ṣà yẹn, pàápàá àwọn tó kéré jù ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, ti tẹ̀ síwájú ju àwọn tó kù lọ. Àwọn olùwádìí míì ti bá wọn fà á gan-an láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló sì gbà báyìí pé ipa náà wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n pé kò tóbi tó bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ pariwo ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àlàyé tí Rosenthal ṣe lẹ́yìn náà nípa ohun táwọn tíṣà máa ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá ti gbà pé á yọrí: ojú wọn máa ń yọ́ sí i, wọ́n máa ń kọ́ ọ ní ohun tó ṣòro díẹ̀ sí i, wọ́n máa ń jẹ́ kó pẹ́ lórí ìdáhùn, tó bá sì ṣì í, wọ́n á ṣàlàyé ibi tó ti ṣì í. Kò sí idán nínú ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bá ṣe báyìí fún odindi ọdún kan á ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣáá ni.

Láwọn ọdún 1970, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe máa ń wọn iye àkókò tí tíṣà máa ń fún ọmọ láti dáhùn ìbéèrè. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù ò kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan kí tíṣà tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní káwọn tíṣà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ìdáhùn àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń dá sí i. Àbúrò mi, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni wọ́n fún ẹ níwájú bọ́ọ̀dù yẹn?

Ìwádìí ńlá míì tún wà, Raj Chetty, John Friedman àti Jonah Rockoff ló ṣe é, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2014, wọ́n tọpasẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 1 ní Amẹ́ríkà títí wọ́n fi dàgbà. Ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́, kódà fún ọdún kan péré, máàkì ẹ̀ á gòkè, lẹ́yìn ọdún mélòó kan èrè yẹn á máa rọlẹ̀ nínú ìdánwò, èèyàn á rò pé ó ti tán, àfìgbà tí ọmọ náà dàgbà tí wọ́n rí i pé ó ti gbabòmíì yọ: irú wọn ló ń wọ yunifásítì jù, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ sì lé díẹ̀ sí tàwọn tó kù. Kirabo Jackson náà ṣe tiẹ̀, ó jáde ní 2018, ó rí i pé àwọn tíṣà kan wà tó jẹ́ pé kì í ṣe máàkì ni wọ́n ń gbé ga, àwọn ọmọ wọn kì í pa ilé ìwé jẹ, wọn kì í kó sí wàhálà, ó sì rí i pé irú àpẹẹrẹ báyìí máa ń sọ ẹni tó máa parí ilé ìwé dáadáa ju máàkì lọ. Èmi tí mo ti dúró níwájú kíláàsì rí, kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí tíṣà kọ́ ọmọ lè fò lọ, ìwà tó mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í hù ló máa ń bá a lọ.

O lè fẹ́ bi mí pé ṣé gbogbo ẹni tí tíṣà bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ló máa ń sá ni? Rárá. Lọ́dún 1949, tíṣà bàọ́lọ́jì kan kọ ọ́ sínú ripọ́ọ̀tì ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ John Gurdon pé òun gbọ́ pé ọmọ náà ń rò ó láti di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àmọ́ pẹ̀lú bó ṣe ń ṣe yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Òun ló gbẹ̀yìn nínú 250 ọmọ nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì náà. Lọ́dún 2012 ó gba ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ tó ṣe lórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ti fi gíláàsì bo ripọ́ọ̀tì yẹn tipẹ́, ó gbé e síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí bíi pé agídí nìkan ni Gurdon fi borí. Wọ́n máa ń fo ibi tó ti jẹ́ pé wọ́n wá tíṣà fún un tó tún bàọ́lọ́jì kọ́ ọ kó tó lè kà á ní yunifásítì. Ẹnì kan dá a padà sídìí nǹkan náà. Ìwọ ò rí ẹni dá ẹ padà, torí náà má fi ìtàn Gurdon na ara ẹ.

Mo ní nǹkan kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ kí n tó sọ ohun tó o máa ṣe. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan dá mi dúró níbi ìpàdé kan, ó ní mo kọ́ òun rí. Inú mi dùn. Ó wá ní, "Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé mò ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé, látìgbà náà mi ò kàwé sókè lójú èèyàn mọ́, kódà nígbà ìgbéyàwó mi, ẹlòmíì ló bá mi ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ síyàwó mi." Mo wá a, mo wá a nínú orí mi, mi ò rántí ẹ̀. Mi ò rántí ọjọ́ náà, mi ò rántí ọ̀rọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí n fi ṣe àwàdà ni, kí gbogbo kíláàsì lè rẹ́rìn-ín kó sì parí síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i pé ó gbọ́ ọ, àmọ́ mo tún rí i pé ẹ̀bẹ̀ mi ò lè dá ogún ọdún tí ò fi kàwé sókè padà fún un. Àwa jọ kàwé lẹ́yìn ìgbà yẹn, lórí fóònù, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Ìyẹn ló ṣe é láǹfààní.

Torí náà mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o wá tíṣà ìṣirò yẹn lọ kó o lè gba àforíjì. Tó o bá pàdé wọn, wọ́n lè má rántí, ìyẹn á sì tún dùn ẹ́ lọ́tọ̀.

Ní ti iṣẹ́ yẹn, má tíì kọ̀ ọ́. Sọ fún ọ̀gá ẹ pé o nífẹ̀ẹ́ sí i, kí wọ́n fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fojú kan bọ́jẹ́ẹ̀tì tọdún tó kọjá. Mú un délé. Ìṣirò inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka kan ò sábà kọjá àròpọ̀, àyọkúrò àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ olórí ni kó mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ. Kó o tó débẹ̀, ra ìwé ìṣirò ọmọ kíláàsì kẹrin, mo ní kíláàsì kẹrin, kó o bẹ̀rẹ̀ látorí fráksọ̀n. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìwọ nìkan ni kó o kọ́kọ́ máa ṣe é, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó o ṣe é lójú ẹnì kan tó o fọkàn tán, kó o máa sọ̀rọ̀ jáde bó o ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn náà lójú èèyàn méjì. Ọwọ́ ẹ á gbọ̀n. Jẹ́ kó gbọ̀n, má dúró, máa kọ ọ́ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń gba àyè nínú ibi tó o fi ń di nọ́ńbà mú lọ́kàn, àyè tó kù fún ìṣirò á wá kéré, ó máa ń ṣe ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa náà bẹ́ẹ̀. Gerardo Ramirez àti Sian Beilock fi hàn lọ́dún 2011 pé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ìdánwò máa ń bà bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìdánwò láti kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sílẹ̀, wọ́n máa ń ṣe dáadáa sí i. Ìwọ tó jẹ́ ìwé kíkọ niṣẹ́ ẹ, irinṣẹ́ ẹ nìyẹn, lò ó ṣáájú gbogbo ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ̀rù náà bá pọ̀ débi pé o ò rí oorun sùn tàbí o ń pa iṣẹ́ jẹ, lọ rí oníṣègùn ọpọlọ tàbí agbaninímọ̀ràn lójúkojú, lẹ́tà ò tó.

Tó o bá gba iṣẹ́ yẹn, ìwọ náà ti di "wọ́n" fáwọn kan nìyẹn. Wọ́n á máa gbé iṣẹ́ wá fún ẹ, wàá máa fi báírò pupa sàmì sí i. David Yeager àti Geoffrey Cohen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán nǹkan kékeré kan wò tí mo fẹ́ kó o mú dání, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2014: wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ àròkọ táwọn tíṣà ti tún ṣe, ó ní mò ń ṣe àtúnṣe yìí torí pé ohun tí mò ń retí lọ́dọ̀ ẹ ga, mo sì mọ̀ pé o lè dé ibẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọn ò lẹ irú ìwé yìí fún, nǹkan bí 17 nínú 100 ló tún àròkọ wọn kọ. Láàárín àwọn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ fún, ó ju 70 lọ. Àtúnṣe inú ìwé náà ò dẹ̀ rárá, báírò pupa náà ni.

Ó wá ku tíṣà àròkọ ẹ. O bi mí bóyá ó ti pẹ́ jù. Albert Camus, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá ẹ̀ fi kú sógun lọ́dún 1914, ìyá ẹ̀ ò mọ̀wé, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé onílé ló ń ṣe ní Algeria, ìyá àgbà tó ń darí ilé sì fẹ́ kọ́mọ náà tètè máa ṣiṣẹ́. Tíṣà ẹ̀, Louis Germain, ló kọ́ ọ lẹ́yìn àkókò ilé ìwé láìgba kọ́bọ̀, ló tún lọ bá ìyá àgbà náà nílé kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà tí Camus gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957, ó kọ lẹ́tà sí Germain ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, ó ní lẹ́yìn ìyá òun, ẹni tóun kọ́kọ́ rántí ni wọ́n, pé láìsí ọwọ́ tí wọ́n nà sí ọmọ tálákà yẹn, kò ní sí ìkankan nínú gbogbo èyí. Kò tó ọdún méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Camus. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ lọ, tíṣà ló kù sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́.

Kọ tìẹ lọ́sẹ̀ yìí. Má kọ ọ́ bí ìwé ìdúpẹ́ téèyàn ń kọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì. Sọ àròkọ tí wọ́n kà fún wọn, sọ ibi tó o jókòó sí, sọ bí ohùn wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n dé gbólóhùn tó o fẹ́ràn jù, sọ ohun tó o lọ ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rántí ẹ, tíṣà ń kọ́ ọmọ tó pọ̀, bí mi ò ṣe rántí ọkùnrin yẹn lèmi náà ò rántí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ṣe lóore. Kọ ọ́ tán, kó o fi àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù yín àti ọdún tó o wà níbẹ̀ sí i, kí wọ́n lè fi wá ojú ẹ nínú àwọn ojú tó wà nínú orí wọn.